Ilé Ọ̀nà Ìjan àti Ohun Tí Ẹ Kò Sọ fún Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìrí o. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, n kò kọ nǹkan kan sí yín rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ tí n kì í bá yín sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ bí mo bá ń gbá ìyàrá yín, mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ bí òjò bá ṣú tí mo ń sáré kó aṣọ wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi báyìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ lórí ìdúró. Mo ti jókòó sórí àga tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn, mo sì ti ti ìwé àwọn ọmọ iléèwé tí mo fẹ́ máàkì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n má baà máa pọ́n ọ̀rọ̀ lé. Inú ń bí mi sí yín, mo sì fẹ́ràn yín. Àwọn méjèèjì ń gbé inú mi pọ̀, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn tó dára. Orúnkún tó ń dùn mí ti fúyẹ́. Wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá àgbà ní iléèwé mi. Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka kan fà ya. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń fi yín ṣàwàdà: wọ́n ní látìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ẹni tó ń ka Bíbélì tó ń pe ilé Olúwa ní “ulé Olúwa” fún wọn mọ́. Wọ́n tún rántí pẹ́ńsù iṣẹ́ káfíńtà tó máa ń há sí etí yín lọ́jọ́ Ìsinmi, tí Màmá yóò na ọwọ́ yọ kúrò kí ẹ tó dìde lọ kàwé. Ẹ̀rín máa ń pa mí tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ní báyìí, bí wọ́n bá ń sọ ọ́, mo máa ń wo ilẹ̀.

Ẹ rántí ilẹ̀ Adó-Èkìtì tí ẹ fún mi, ilẹ̀ ọ̀nà Ìjan. Nígbà tí ẹ rà á, igbó ni, àwọn ọ̀rẹ́ yín ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ máa sin òkété níbẹ̀ ni. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ báyìí, ọ̀kadà kì í dákẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọdún kejì lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo pinnu pé mo fẹ́ kọ́ ilé tí mo máa fi háyà síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí mo padà wá sí Ìyìn-Èkìtì níbí wá máa tọ́jú yín, n kò ní ògiri kankan tí mo lè fẹ̀yìn tì. Mo rò pé bí mo bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, n kò ní máa wo ojú ìjọba, n kò sì ní máa wo ojú àwọn ọmọ. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́, mo fi ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kún un, mo bẹ̀rẹ̀. Yàrá mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó kan igi òrùlé, èmi fúnra mi ni mo lọ yan igi àpá tó le dáadáa ní ilé ìlagi. Mo fi oríkèé ìka kan pákó kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti máa ń ṣe, mo tẹ́tí gbọ́ bó ṣe dáhùn. Àwọn alágbàṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ bá rí mi, orí yín ì bá wú. Ṣùgbọ́n ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ kan òrùlé gan-an, n kò ráyè dúró tì í. Bọ̀ọ̀dá Délé ní kí n má dààmú, pé òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kò kú, òun yóò dúró tì í.

Nígbà tí ilé parí, mo ní láti wá ẹni tí yóò máa bá mi bójú tó o, ẹni tí yóò máa gba ayálégbé, tí yóò máa pe ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Obìnrin kan wà ní Adó tó ń ṣe ejẹ́ǹtì. Ó wá wo ilé, ó ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Mo mú un wá. Ó ní kí n mú ìwé ìdánimọ̀ mi wá. Mo mú un wá. Ó wá ní òun tún fẹ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ìwé náà, kí òun tó lè fi orúkọ òun sí i. Bàbá, inú bí mi. Èmi, ọmọ Bàbá Káfíńtà, ni obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ń bi pé kí n fi hàn pé èmi ni mo nilẹ̀? Mo kó ìwé mi, mo jáde lọ́fíìsì rẹ̀ láì dágbére.

Bọ̀ọ̀dá Délé kò béèrè ìwé kankan.

Ó ní, “Ta ni kó máa bá ọ ṣe é bí kò ṣe èmi? Àbí àjèjì lo fẹ́ gbé e fún?” Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àmọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayé ìsinsìnyí, ojú wọn ti là jù. Tí wọ́n bá mọ̀ pé opó ló nilé, wọ́n á máa gùn ọ́ lórí. Má wulẹ̀ yọjú síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n máa rí ọkùnrin.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Àwa opó mọ ohun tí ojú wa ti rí. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni n kò fi wọ inú ilé tí mo kọ́. Ó máa ń fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó máa ń sọ pé yàrá mẹ́ta ṣófo, pé ẹ̀rọ omi bàjẹ́, pé Adó ti le. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà jù. Mo máa ń gbàdúrà fún un.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ìjì kan jà ní Adó. Olùkọ́ kan tó ń gbé ibẹ̀ ló sọ fún wa pé páànù ń fò lọ́nà Ìjan bí ewé. Mo tẹ Bọ̀ọ̀dá láago. Ó ní, “Kò sí nǹkan tó ṣe ilé rẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀ ni.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kejì, mo ní iṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní Adó, bí mo sì ti ń bọ̀ ni mo ní kí ọlọ́kadà kàn yà sí ọ̀nà Ìjan ná. Kì í ṣe pé mo fura. Mo kàn fẹ́ rí ilé mi ni, bí ènìyàn ṣe ń yà wo ọmọ níléèwé.

Òrùlé ti ṣí lórí yàrá mẹ́ta. Tìmùtìmù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níta tí wọ́n ń sá a sóòrùn. Káfíńtà kan wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ọmọbìnrin kan tó ń fún aṣọ sáré wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó fi omi inú ọ̀rá kan tó tutù lé mi lọ́wọ́ nítorí oòrùn mú gan-an. Mosún lorúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ó ní, “Ẹ káàsán mà. Ṣé yàrá lẹ̀ ń wá? Kò sí o mà. Kò tiẹ̀ ṣófo rí látìgbà tí wọ́n ti ṣí i.”

Mo ní, “Ta ló nilé?”

“Dádì Délé ni lándílọ́ọ̀dù wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àmọ́ látìgbà tí atẹ́gùn ti ṣí ilé, wọn ò gbé fóònù wa mọ́. Àwa la dáwó jọ pe káfíńtà.”

“Òun nìkan ló nilé?”

“Àwọn nìkan mà. Bàbá wọn ló fún wọn nílẹ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn kan wà ní Ìyìn, tí orí ẹ̀ yí nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú. Wọ́n ní ó lè wá máa pariwo pé òun lòun nilé. Wọ́n ní tó bá wá, ká má bá a jiyàn, ká fún un lómi tútù, ká pe àwọn.”

Ó wo ọ̀rá omi tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu.

N kò pariwo, Bàbá. Bí mo bá pariwo, mo ti jẹ́rìí fún Bọ̀ọ̀dá nìyẹn. Ẹ wo irú ìdè tó fi dè mí: ó ti ṣètò rẹ̀ pé òtítọ́ ẹnu mi ni yóò jẹ́ àmì wèrè mi. Mo rọra ní kí Mosún bá mi mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Mo jókòó sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, mo mu omi náà tán.

Nígbà náà ni ohùn kan ti òkè wá. “Ta ni mo ń wò yìí? Ojú Bàbá Káfíńtà rèé lára obìnrin.”

Bọ̀ọ̀dá Sùlé ni.

Ẹ mọ ẹni tí mo ń wí. Sùlé tó bá yín ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mọ́kànlá, tí ẹ̀yin àtirẹ̀ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Sùlé tí ẹ lé níṣojú gbogbo àdúgbò nígbà tí pákó ìrókò tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì pòórá. Mo wà níléèwé àwọn olùkọ́ nígbà náà. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, mo bá ibi tó máa ń dúró sí ní òfìfo, ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. A kò dárúkọ rẹ̀. Kí n sọ òtítọ́: ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo rí i ni pé olè ló wà lórí òrùlé mi.

Ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo sọ fún un pé èmi ni mo nilé. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi, kò bi mí ní ìbéèrè, ó kàn mi orí, ó sì fi ègé igi kan lé mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ bí kànìnkànìn.

Ó ní, “Àràbà ni. Gbogbo òkè yẹn, àràbà ni. Ẹni tó bá kan àràbà sórí ilé, kò fẹ́ kí ilé náà dàgbà.”

Mo ní, “Àpá ni mo rà. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi yàn án.”

“Àpá kankan ò gun orí ilé yìí. Ta ló dúró ti iṣẹ́?”

Mo ní Bọ̀ọ̀dá Délé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀. Mo rí i pé ó ń pa nǹkan mọ́, mo di téèpù náà mú. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Sùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó wà nínú yín.”

Ó ní, “Mo rí ọkọ̀ tó wá kó ìrókò lọ́jọ́sí. Mo rí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Kí ni ǹ bá sọ? Ọmọ ọ̀gá mi ni.”

Mo ní, “Bàbá mi ò mọ̀.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ṣubú. “Bàbá rẹ mọ̀. Kò pé ọdún kan tó fi wá bá mi ní Ìjan. Ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá mi, ó sunkún. Ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní mo ti dárí jì í. Mo wá bi í pé ìgbà wo ló máa sọ fún àwọn ará Ìyìn. Ó ní, ‘Sùlé, ọmọ mi ni.’ Ló bá dìde.”

Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé lóòótọ́ lẹ lọ? Kí ni ẹ wọ̀ lọ? Kí ni ẹ sọ fún Màmá pé ẹ ń lọ ṣe ní Ìjan lọ́jọ́ náà? Nígbà tí ẹ padà dé, ṣé ẹ jẹun?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rántí àárọ̀ kan, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ayé sílẹ̀. Ẹ ti fi ìwé ilẹ̀ lé mi lọ́wọ́ níṣojú àlùfáà ìgbà náà àti àbúrò yín ọkùnrin, àwọn méjèèjì sì ti fọwọ́ sí i. Àwọn ènìyàn jáde. Bọ̀ọ̀dá Délé ló kẹ́yìn wọn. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà tó gbà jáde, ẹ wò ó pẹ́, ẹ la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan fún mi. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí n fún yín lómi. Mo fún yín. Ẹ fi ẹnu kàn án, ẹ dá a padà. Ṣé omi ni ẹ fẹ́ lóòótọ́?

Mo tún ń bi ara mi nípa ilẹ̀ náà. Mo ti ń rò láti ọdún márùn-ún pé nítorí ìtọ́jú tí mo ṣe yín lẹ fi fún mi. Àbí nítorí pé ẹ kò lè fi lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ sì fi mí sílẹ̀ kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ máa dúpẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ti ọ̀nà Ìjan dé, mo lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Délé. Ó ń jẹ àkàrà, ìyàwó rẹ̀ ń bu ògì fún un. Mo gbé ègé àràbà náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó gbé àkàrà sílẹ̀. Kò sẹ́, Bàbá. Ohun tó dùn mí ni pé kò tiẹ̀ sẹ́.

Ó ní, “Orúkọ lásán ni mo kọ síbẹ̀. Èmi ni àkọ́bí. Ojú wo ni wọ́n máa fi wò mí, pé bàbá mi fò mí dá, ó gbé ilẹ̀ Adó fún obìnrin?”

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbákọ kalẹ̀. Ó yíjú sí i. “Ṣebí ẹ ní àǹtí ti tà á fún yín? Ẹ ní wọ́n ti gbowó wọn.”

Àwa obìnrin méjì kàn ń wo ara wa lórí tábìlì náà, a sì mọ̀ pé aṣọ kan náà ló rán fún àwa méjèèjì.

Mo bi í lọ́rọ̀ orí mi tó ní ó ti yí. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ bá ní mo kú. Kí ló dé tó fi jẹ́ wèrè?” Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó ní, “Mo ṣáà ní láti sọ nǹkan kan fún wọn.”

Bọ̀ọ̀dá tó pọ̀n mí kọjá odò ní kékeré nígbà tí omi kún. Òun náà ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àbúrò yín, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí tó kù tó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní òtítọ́ ni, tèmi ni ilẹ̀, tèmi ni ilé. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ayé gbọ́, kí Délé kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí n sì jẹ́ kó ṣì máa bá mi mójú tó ibẹ̀, kí ilé lè tòrò. Mo ní rárá. Ó ní mo le. Bóyá mo le. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àdéhùn àwọn ayálégbé wá fún mi ní Ìyìn, ó gbé wọn wá nínú àpò iléèwé ọmọ rẹ̀. Kò wọlé. Bọ̀ọ̀dá kò tíì sọ pé kí n má bínú títí di òní.

Mo padà lọ bá obìnrin ejẹ́ǹtì náà. Ojú tì mí láti wọlé. Ó rántí mi. Ó tún béèrè ìwé ilẹ̀, ó tún béèrè ìwé ìdánimọ̀, ó tún béèrè ẹlẹ́rìí. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ní, “Mà, bí mo ṣe bi yín yìí náà ni màá bi ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ pé òun nilé yín.” N kò ní sọ fún yín pé mo fọkàn tán an. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi yóò máa wọ ilé náà, màá sì máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ sí ojúde, mo ti sọ orúkọ mi fún wọn, mo sì ti fi ìwé hàn wọ́n. Mosún sunkún. Mo ní kó má sunkún, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Sùlé ló ń bá mi yọ àràbà kúrò. Ó ń fi àpá rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí agbára mi bá ti mọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá la ṣe ìrántí yín ọdún karùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àlùfáà ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, àbúrò yín sì nawọ́ sí mi. Mo ti kọ ìdúpẹ́ náà sínú ìwé pélébé kan. Mo dé ibi tí ẹ ti máa ń dúró kàwé, mo wo ìwé náà, n kò rí ohun tí mo kọ. Mo ní:

“Bàbá mi jẹ́ èèyàn dáadáa, ó sì ṣe ohun kan tí kò dáa. Sùlé káfíńtà kò jí pákó ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Bàbá mi mọ̀ pé kò jí i. Ó mọ̀ ọ́n títí tó fi kú.”

N kò dárúkọ ẹni tó kó o. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Délé dìde ní ìjókòó iwájú, ó gba àárín ìjọ kọjá, ó jáde. Gbogbo orí ló yí tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó tún bi mí.

Lẹ́yìn ìsìn, àbúrò yín kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti tú bàbá mi sí ìhòòhò níwájú ìjọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe, Bàbá? Ojú ń tì yín níbi tí ẹ wà? Àbí ẹ mí kanlẹ̀?

Àná, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Sùlé wá láti Ìjan. N kò rí i láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge, kò sì gba ọ̀nà àdúgbò wa kọjá rí láti ọjọ́ tí ẹ ti lé ọkọ rẹ̀. Mo fún un ní ìjókòó, ó jókòó sí etí rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti wá sọ fún òun ohun tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin, Ràmátù, ní àfẹ́sọ́nà kan, ọmọ Ìyìn níbí. Wọ́n ti dájọ́ ìdáná. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà bá ránṣẹ́ wá pé àwọn kò lè fẹ́ ọmọ olè. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ràmátù kó lọ sí Mínnà, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkìtì mọ́.

Ọdún mẹ́jọ, Bàbá. Ẹ ṣì wà láyé nígbà náà. Ẹ ń kàwé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣé ẹ gbọ́? Ìyìn kò tóbi jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ní láti gbọ́.

Obìnrin náà mú fóònù kékeré kan jáde nínú ìró rẹ̀. Ó ní, “Tí mo bá sọ ọ́ fún un, á ní torí pé mo jẹ́ ìyá òun ni. Ìwọ bá mi sọ ọ́. Ìwọ ọmọ Bàbá Káfíńtà.” Ó pe nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

Ọmọ náà dáhùn. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọmọdé kan tó ń pè é ní Màmá. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò jalè, pé bàbá mi mọ̀ pé kò jalè, pé mo sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ.

Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ náà pé kó dúró ná.

Ó wá ní, “Ṣé màmá mi wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbọ́ yín?”

Mo ní ó wà níbí, ó jókòó tì mí.

Ó ní, “Ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ohùn mi ni mo fi sọ ọ́, Bàbá, nígbà tó jẹ́ pé tiyín ló yẹ kó gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ fi ìwé ilẹ̀ lé lọ́wọ́, tí ẹ kò sọ ìyókù fún, tó ṣì ń pè yín ní Bàbá mi.